Irorẹ́ Ìsàlẹ̀ Àgbọ̀n: Ẹ̀sọ̀ Ni Ká Fi Mú Un

Ètò ìlera awọ ara ló tún dé, èmi apoògùn yín ni mo wà lórí afẹ́fẹ́.

Irorẹ́ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Mi ò sọ ti iwájú orí tó máa ń yọ sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Èyí tí mo ní lọ́kàn ni èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ etí kan, tó gba ìsàlẹ̀ àgbọ̀n kọjá, tó sì dé abẹ́ etí kejì. Ó máa ń jin, ó máa ń le, ó máa ń dunni bí ọwọ́ bá kàn án. Bó bá sì lọ tán, á fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń yọ lẹ́nu ti lé ní ọmọ ọdún 25. Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn ti bímọ. Wọ́n rò pé àwọn ti kúrò lọ́mọdé onírorẹ́, àfi bó ṣe tún dé.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Irorẹ́ ìsàlẹ̀ àgbọ̀n kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń yọ sí. Láti inú ara ló ti ń wá, oògùn rẹ̀ sì wà. Ìkánjú àti agbára tí a ń lò sí i ló ń ba ojú jẹ́ ju irorẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ojú ènìyàn wà lára ohun tó yẹ ká fi ẹ̀sọ̀ mú.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan tó wà lójú wa, títí kan àwọn irun wẹ́wẹ́ tí a kò fẹ́ẹ̀ rí, àpò kékeré kan wà tó ń sun ọ̀rá. Ọ̀rá yìí ni kì í jẹ́ kí awọ gbẹ. Ihò tí irun ń gbà jáde náà ni ọ̀rá ń gbà. Bí ọ̀rá bá wá pọ̀ jù, tí èépá awọ tó ti kú sì dà pọ̀ mọ́ ọn, ihò náà á dí, bí ọ̀rá ọbẹ̀ ṣe máa ń dì mọ́ ọ̀pá omi níbi tí a ti ń fọ abọ́. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń gbé lára awọ gbogbo wa, àti ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ àti ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ihò bá ti dí, kòkòrò yìí á máa pọ̀ sí i nínú ọ̀rá tó há síbẹ̀. Ara á gbéjà kò ó, ibẹ̀ á wú, á gbóná, á lè gbọyún. Irorẹ́ nìyẹn.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ló ń yàn? Họ́mọ́ònù ni. Àwọn họ́mọ́ònù kan wà tó pọ̀ lára ọkùnrin, ṣùgbọ́n tí ara obìnrin náà ń ṣe díẹ̀díẹ̀. Àwọn ló ń pàṣẹ fún àpò ọ̀rá pé kó sun ọ̀rá. Ìsàlẹ̀ ojú sì wà lára ibi tó máa ń tètè gbọ́ àṣẹ náà. Àwọn họ́mọ́ònù yìí kan náà ló ń mú irùngbọ̀n hù lójú ọmọkùnrin tó bàlágà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi máa ń rí i pé ní bí ọ̀sẹ̀ kan kí nǹkan oṣù tó dé ni irorẹ́ àgbọ̀n máa ń gbérí, tí nǹkan oṣù bá sì ti parí, á rọlẹ̀. Ẹ kíyè sí i lóṣù yìí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn á wúlò fún dókítà gan-an.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tó ń ran irorẹ́ lọ́wọ́. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní i, ọmọ lè ní i. Àìsùn àti wàhálà ọkàn lè mú un pọ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá máa ń fa irorẹ́ fún àwọn obìnrin kan. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ gba irú rẹ̀ ni irorẹ́ dé, ẹ padà lọ sọ fún nọ́ọ̀sì tó fún yín. Ẹ má kàn dá a dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí oyún tí ẹ kò gbèrò má bàa wọlé.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ dákun, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ìṣòro kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní PCOS. Họ́mọ́ònù ara kì í dọ́gba nínú rẹ̀, ẹyin kì í sì í jáde déédéé lóṣooṣù. Káàkiri àgbáyé, nǹkan bí obìnrin 1 nínú 10 tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ló ní i, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Bí nǹkan oṣù yín bá ń fo oṣù, tí irun ń hù ní àgbọ̀n tàbí láyà, tí irun àárín orí ń fẹ́lẹ́, tí ẹ ń sanra láìmọ ìdí, tí ẹ̀yìn ọrùn ń dúdú tó sì ń nípọn, tí irorẹ́ tún wá to ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ìpara kọ́ lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ lọ rí dókítà kí wọ́n yẹ yín wò. PCOS lè fa àìrọ́mọbí, ó sì lè sún ènìyàn dé ìdí ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n bí a bá tètè mọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn yẹ̀ wò. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ tó dọ̀tí ló ń fa irorẹ́, wọ́n á wá máa mu àgbo tó ń fọ inú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n máa jèrè níbẹ̀; kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ihò tó dí lójú. Àwọn kan ní ẹ̀pà ni. Kò sí ẹ̀rí tó fìdí èyí múlẹ̀, ẹ jẹ ẹ̀pà yín. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé oúnjẹ tó ń tètè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bísíkíìtì àti búrẹ́dì funfun, lè mú irorẹ́ pọ̀ sí i. Wàrà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn. Ẹ dín wọn kù fún oṣù méjì, kí ẹ wò ó bóyá ìyàtọ̀ á wà. Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó máa ń sọ fún ọmọbìnrin pé bó bá lọ́kọ, irorẹ́ á lọ. Ìgbéyàwó kì í wo irorẹ́. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni wọ́n sọ sí ọmọ náà létí, wọn kò ṣe é lóore.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ohun kan tí mo sábà máa ń rí lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan á wọlé, á fi ìborùn bo ìsàlẹ̀ ojú. Á yọ ike funfun kan nínú báàgì. Kò sí orúkọ lára ike náà, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kò sí ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ìpara inú rẹ̀ á máa ta sánsán bí lọ́fínńdà. Ìpara àpòpọ̀ ni. Ẹni tó pò ó ti fún ìpara inú túùbù bíi mélòó kan sínú abọ́, ó da ìpara ara lé e, ó rò ó pọ̀, ó bù ú tà. Nínú àwọn túùbù yẹn ni clobetasol tàbí betamethasone máa ń wà. Sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n, oògùn tí dókítà máa ń fún ènìyàn fún ìgbà díẹ̀, fún àìsàn awọ tó yàtọ̀ pátápátá sí irorẹ́.

Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ níbẹ̀ ni pé ìpara náà máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìwúlé á rọlẹ̀, ojú á tàn, ẹni tó rà á á pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá rà. Nígbà tó bá yá, awọ á fẹ́lẹ́, irun á máa hù lójú, irorẹ́ wẹ́wẹ́ tó jọra á wá bo gbogbo àgbọ̀n. Bó bá dá a dúró, ojú á gbiná, á tún sáré padà sídìí ìpara náà. Àwọn tó ń po irú rẹ̀ tún máa ń fi hydroquinone sí i láti bó awọ. NAFDAC kò fọwọ́ sí hydroquinone tó bá ju ìdá 2 nínú 100 lọ nínú ìpara, wọ́n sì fòfin de mákúrì, tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ike tí kò ní àkọlé kò lè sọ fún yín ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe tún kù. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ń fún sójú máa ń jó awọ, bí oòrùn bá sì pa ibẹ̀, á dúdú bí èédú. Ọṣẹ ìfọyín kì í ṣe oògùn irorẹ́. Kànìnkànìn tí a fi ń họ ojú máa ń dá egbò tí a kò rí sára awọ. Títẹ irorẹ́ ló wá burú jù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìdajì ọyún á jáde, ìdajì yòókù á bẹ́ sínú, ibẹ̀ á wú ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Lára àwa ènìyàn dúdú, gbogbo ibi tó bá ti wú ni awọ máa ń fi àpá dúdú sàmì sí. Àgbọ̀n sì wà lára ibi tí àpá tó ń wú, tí wọ́n ń pè ní kélọ́ídì, máa ń fẹ́ràn. Bí kélọ́ídì bá wà nínú ìdílé yín, ẹ má fi èékánná kan irorẹ́ rárá.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ó kàn yín. Ohun tó ń yọ sí ọ̀pọ̀ yín lábẹ́ àgbọ̀n kì í ṣe irorẹ́ gan-an. Irun wa ká. Bí abẹ bá gé e mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹnu rẹ̀ á mú ṣóńṣó, bó bá tún ń hù, á ká wọ inú awọ padà. Ara á rí i bí ohun àjèjì, á bá a jà, kókó wẹ́wẹ́ á sì to abẹ́ àgbọ̀n. Sípíríìtì tí onígbàjámọ̀ ń fi pa á kò wò ó sàn, ṣe ló kàn ń ta. Ohun tó máa wò ó sàn ni kí ẹ fi irùngbọ̀n sílẹ̀ láìfá fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa lo ẹ̀rọ ìgẹrun dípò abẹ, kí irun tó ṣẹ́kù gùn tó mìlímítà 1 ó kéré tán. Bó bá jẹ́ pé abẹ ni iṣẹ́ yín fi dandan lé, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ irun kó rọ̀, ẹ fá a síbi tó dojú kọ, ẹ má na awọ, ẹ má sì fá ojú kan náà ní àfátúnfá. Kí ẹ̀yin onígbàjámọ̀ náà máa fọ ẹnu ẹ̀rọ dáadáa lẹ́yìn oníbàárà kọ̀ọ̀kan.

Mo tún fẹ́ ṣe ìkìlọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Bó bá jẹ́ kókó kan ṣoṣo ló ń yọ lójú kan náà létí àgbọ̀n, tó ń tú ọyún, tó ń san, tó sì tún ń padà wá, ẹ lọ jẹ́ kí dókítà eyín wo ẹnu yín. Eyín tó ti jẹrà ní gbòǹgbò lè la ọ̀nà gba inú egungun jáde sójú, kó má sì dun ènìyàn rárá. Kò sí ìpara tó lè wo èyí. Ìgbà tí wọ́n bá tọ́jú eyín náà ni ojú yóò tó san.

Ó wá ku ìtọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí ẹ máa bọ́jú, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì fi ìka lásán fọ̀ ọ́. Bí ọṣẹ dúdú bá ń mú ojú yín gbẹ táútáú, ara ni kí ẹ máa fi wẹ̀. Òrí àti àdí àgbọn dára fún ẹsẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́, ṣùgbọ́n àdí àgbọn lè dí ihò ojú ẹni tó ní irorẹ́. Ẹ wá ìpara fífúyẹ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kì í dí ihò awọ. Lọ́sàn-án, ẹ fi ìpara tó ń dá ìtànṣán oòrùn dúró pa ojú, nítorí oòrùn ni kì í jẹ́ kí àpá dúdú tètè lọ.

Oògùn mẹ́ta ló wà tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ apoògùn. Àkọ́kọ́ ni benzoyl peroxide. Ìdá 2.5 nínú 100 ti tó. Èyí tó le jù ú lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ jù ú, ó kàn ń ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Ó máa ń pa àwọ̀ aṣọ, nítorí náà ẹ lo tówẹ̀lì funfun, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó wé ìborùn.

Èkejì ni adapalene, ìdá 0.1 nínú 100. Alẹ́ nìkan là ń lò ó. Ẹ bọ́jú, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ fún ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan sórí ìka. Ẹ tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ síwájú orí, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, sí imú àti sí àgbọ̀n, kí ẹ wá rọra pa á kárí, kó má kan ẹyinjú, kó má kan ètè. Ẹ má fi kán orí irorẹ́ kan ṣoṣo, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti dí irorẹ́ tí kò tíì jáde lọ́wọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa fo alẹ́ kan kí ẹ tó tún lò ó, torí awọ á kọ́kọ́ gbẹ, á máa bó. Ẹni tó lóyún tàbí tó ń wá oyún kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Ẹ̀kẹta ni azelaic acid, tó ń ṣiṣẹ́ sí irorẹ́, tó sì tún ń mú àpá dúdú lọ. Aláboyún lè lo èyí bí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí i.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ó gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ojú tó fi ìyàtọ̀ gidi hàn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú. Wọ́n á lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n á tún ra òmíràn, nítorí ìgbéyàwó kan ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà. Bí ọ̀sẹ̀ 12 bá pé tí kò sí àyípadà, tàbí bí irorẹ́ bá jin tó sì ń fi kòtò sílẹ̀, ẹ lọ rí dókítà awọ ara. Doxycycline wà tí wọ́n lè kọ fún yín fún oṣù díẹ̀. Àwọn obìnrin kan, wọ́n lè fún wọn ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró tàbí spironolactone, tó ń dí họ́mọ́ònù lọ́wọ́. Èyí tó lágbára jù ni isotretinoin, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1982. Ó ń wo irorẹ́ tó ti di bárakú, ṣùgbọ́n ó ń ba ọmọ inú oyún jẹ́ gidigidi. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rà á ní kọ̀rọ̀ lò.

Kí irorẹ́ má bàa padà, ẹ má dá oògùn dúró ní kété tí ojú bá ti mọ́. Ẹ máa lò ó nìṣó bí apoògùn bá ṣe là á sílẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ aṣọ ìrọ̀rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ máa fọ okùn akoto tó ń ha abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ híjáàbù, ẹ má jẹ́ kí èyí tó ti gba òógùn pẹ́ lọ́rùn. Ẹ máa nu ojú fóònù, ẹ má sì máa fọwọ́ ti àgbọ̀n.

Ẹ̀yin òbí, bí irorẹ́ bá yọ sí ọmọ yín, ẹ má pè é ní ọ̀bùn. Ẹ mú un wá bá apoògùn, kí ẹ sì bá a ka ọ̀sẹ̀ 12 náà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ike tí kò lórúkọ nílé, ẹ má fi pa ojú ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ kankan mọ́. Bí ẹ bá ti ń lò ó tipẹ́, ẹ gbé e dání lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kó lè bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ojú má bàa gbiná lójijì. Kò sí dókítà rere tó máa bú yín. Ohun tó máa béèrè ni pé ìgbà wo lẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ìtọ́jú gidi lè bẹ̀rẹ̀.